Ta Ni Ó Ń Gba Ọmú Lẹ́nu Ọmọ Wa?



Ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ ni a fẹ́ bá yín sọ, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin nìkan gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn arákùnrin wa ti máa ń rò. Bí ọmọ bá rù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, bí irun rẹ̀ bá ń pupa tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wú, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé, "Ìyá rẹ̀ kò mọ ìtọ́jú." Àáfà yóò sọ bẹ́ẹ̀ nínú wáàsí, nọ́ọ̀sì yóò sọ bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwòsàn, bàbá ọmọ pàápàá, tí kò mọ iye tí wọ́n ń ta kóńgò ẹ̀wà kan lọ́jà, yóò sọ bẹ́ẹ̀ láìtijú. A fẹ́ sọ ọ́ gbangba nínú ìwé ìròyìn yìí pé ìdájọ́ náà kò tọ́. Àìmọ̀ wà, a kò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń pa ọmọ wa lára ju àìmọ̀ ìyá lọ ni ìwà àwọn tí ó yí ìyá náà ká, àwọn ọkùnrin sì ni aṣíwájú wọn.

Lọ sí ẹgbẹ́ alásàlátù èyíkéyìí ní Ìbàdàn, ní Ìwó, ní Ẹdẹ tàbí ní Abẹ́òkúta, kí o bi àwọn ìyá tí kò tíì dàgbà púpọ̀ léèrè pé oṣù mélòó ni ó yẹ kí ọmọ fi mu ọmú nìkan. Wọn yóò dá ọ lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé oṣù mẹ́fà. Wọ́n ti fi í kọrin fún wọn ní ìpàdé àwọn aláboyún títí ó fi há sí wọn lórí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ìwádìí ìlera àwọn ará ìlú ní ọdún 2003, nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 17 péré ni wọ́n ń fún ní ọmú nìkan. Ní ọdún 2008, iye náà lọ sílẹ̀ sí 13. Ní ọdún 2013, ó padà sí 17. Ní ọdún 2018, ó di 29. A dúpẹ́ pé ó gòkè, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ohun tí ó kù: 71 nínú 100 ni wọn kò fi sílẹ̀ fún ọmú nìkan. Ẹni tí ó mọ ohun kan tí kò sì lè ṣe é, kí ni èrè pé a tún ń kọ́ ọ ní ohun náà? Ohun tí ó dè é lọ́wọ́ ni ó yẹ kí a béèrè.

Ẹ jẹ́ kí a fi kún un pé àwọn tí ń kọ́ni pàápàá kò fìgbà gbogbo sọ ohun kan náà. Àwọn ìyá tí ó bímọ ní àwọn ọdún 1990 gbọ́ pé láti oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni. Ọdún 2001 ni ìpàdé gbogbogbòò Àjọ Ìlera Àgbáyé fìdí oṣù mẹ́fà múlẹ̀. Nítorí náà, bí ìyá ọkọ bá sọ pé, "Oṣù mẹ́rin ni wọ́n sọ fún àwa," kì í ṣe irọ́ ni ó ń pa. Kí a ṣàlàyé fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí a má ṣe kẹ́gàn rẹ̀.

Omi ni ó máa ń kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Kò sí ohun tí àwọn ìyá àgbà wa gbàgbọ́ tó pé òùngbẹ ń gbẹ ọmọ tuntun. "Ìwọ tí o jẹun, ṣé o kì í mu omi tẹ̀lé e ni? Kí ni ọmọ yìí ṣe tí ẹ fi ń fi òùngbẹ pa á?" Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àánú ni ó sì ti inú rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n omi ọmú kì í ṣe oúnjẹ líle tí à ń fi omi lé. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 87 nínú rẹ̀ jẹ́ omi. Ọmọ tí ó ń mu ọmú ń jẹ, ó sì ń mu, lẹ́ẹ̀kan náà, bí oòrùn ilẹ̀ wa tilẹ̀ mú ganrínganrín. Ikùn ọmọ tuntun kéré. Ṣíbí omi mélòó kan ti tó láti kún un. Bí omi bá ti gba ibẹ̀, kò ní í fa ọmú dáadáa mọ́, bẹ́ẹ̀ ni bí a bá ṣe ń fa ọmú tó ni yóò ṣe máa sun tó. Ẹ wo bí ó ti ń yí po: a fún ọmọ ní omi, ọmọ kò fa ọmú, ọmú dín kù, ìyá figbe ta pé ọmú òun kò sun, a wá sáré lọ ra wàrà inú agolo. Lẹ́yìn èyí ni a ó wá sọ pé obìnrin ayé òde òní kò lómú! A kò tíì sọ̀rọ̀ irú omi tí ó jẹ́, omi kànga tí ó wà nítòsí ṣáláńgá, tàbí omi inú ọ̀rá tí ẹnì kan kò mọ ibi tí wọ́n ti pọn ọ́n.

Omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tí ó máa ń ki tí ó sì máa ń pọ́n rúsúrúsú, ni wọ́n ń fún dà nù ní ọ̀pọ̀ ilé. Wọ́n ní ó ti dọ̀tí, pé ó ti pẹ́ jù nínú ọmú. Wọn a sì máa fi omi ṣúgà tàbí àgbo dá ọmọ dúró títí omi ọmú funfun yóò fi dé. Ohun tí wọ́n dà nù yẹn gan-an ni ó kún fún àwọn èròjà tí ń bá àrùn jà, tí ń bo ìfun ọmọ kí kòkòrò má bàa ráàyè wọlé; fítámì A pọ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Láàárín wákàtí kan tí a bá bí ọmọ ni ó yẹ kí ó ti kàn án lẹ́nu. Ẹni tí ó bá fún un dà nù dà bí ẹni tí ó gba àmánà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí ó sọ ọ́ sí ààtàn kí ó tó tú u wò.

A kò ní í dákẹ́ lórí èyí tí ó kàn wá gẹ́gẹ́ bí Mùsùlùmí. Ní ilé àwọn kan nínú wa, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wọ ọmọ lẹ́nu ni omi tí wọ́n fi fọ wàláà, tàbí omi Zamzam tí Alhaji gbé bọ̀ láti Mẹ́kà, tàbí oyin. Wọ́n ní àdúrà ni. Ẹ̀yin ará, ta ni ó sọ fún wa pé àdúrà kò lè gbà fún ọmọ àfi bí a bá da tàdáwà sí i lọ́fun? Tàdáwà tí wọ́n fi kọ ọ́, omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́, ọwọ́ tí ó fọ̀ ọ́, èwo nínú wọn ni a mọ bí ó ti mọ́ tó? Àdádáálẹ̀ ni, ewu sì ni pẹ̀lú.

Àwọn mìíràn yóò gbé Súnnà wá. Wọ́n ní Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) máa ń fi dàbínù kan ọmọ tuntun lẹ́nu. Òótọ́ ni. Bí wọ́n ṣe gbé Abdullah ọmọ Zubayr tọ̀ ọ́ wá ní Mẹ̀dínà, tí ó rún dàbínù, tí ó sì fi pa á ní òkè ẹnu, kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ́ Hádíìsì. Ṣùgbọ́n fífi kan ẹnu ni, kì í ṣe fífún ọmọ lóúnjẹ. Díẹ̀ báyìí ni. Báwo ni ìyẹn ṣe wá di igo oyin tí à ń fi ṣíbí bù fún ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ láàárọ̀ lálẹ́? Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ̀lé Súnnà náà, kí ó fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, kí ó fọ dàbínù náà, kí ó rí i pé ó rọ̀ tí kò ní kókó kankan, kí ó fi díẹ̀ kan ọmọ lẹ́nu, kí ó sì gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀. Ní ti oyin, ìkìlọ̀ àwọn oníṣègùn ni pé kí ọmọ má tọ́ ọ wò kí ó tó pé ọdún kan, nítorí pé kòkòrò àìrí kan lè wà nínú rẹ̀ tí inú àgbàlagbà lè borí, ṣùgbọ́n tí yóò gbilẹ̀ nínú ìfun ọmọ ìkókó, tí yóò sì tú májèlé tí ó ń mú ara ọmọ rọ jọ̀wọ̀rọ̀ títí kò fi ní lè mí dáadáa. Ẹni tí ó bá sọ pé Al-Kùránì pe oyin ní ìwòsàn, òtítọ́ ni ó sọ. Ààwẹ̀ pẹ̀lú dára, síbẹ̀ a kì í ní kí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ gbà á.

Ohun tí ó burú ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ ni rírọ ọmọ. Ìyá tàbí ìyá àgbà yóò jókòó sórí àpótí, yóò tẹ́ ọmọ sórí itan rẹ̀, yóò ká àtẹ́lẹwọ́ sí ẹnu ọmọ bí ife, yóò da ẹ̀kọ tàbí àgbo sí i, yóò sì dí i nímú kí ó lè gbé e mì nígbà tí ó bá ń wá èémí. Ọmọ yóò máa ké, yóò máa ta ẹsẹ̀, àwọn tí ó wà nítòsí yóò sì máa rẹ́rìn-ín pé ọmọ náà lágídí. Ẹni tí ó ń wá èémí kò lè yan ohun tí yóò gba ọ̀nà ọ̀fun àti èyí tí yóò gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ mìíràn ti ibẹ̀ kó àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Òmíràn kú sórí itan, wọ́n sì ní àbíkú ni, tàbí pé ayé ni ó ṣe é. Bí a bá rí àgbàlagbà kan tí wọ́n dì mú, tí wọ́n dí nímú, tí wọ́n sì ń da nǹkan sí lẹ́nu, ṣé a kò ní í ké sí ọlọ́pàá?

Èsì tí a máa ń gbọ́ ni pé, "Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe tọ́ yín, ẹ kò sì kú." Òótọ́ ni, àwa kò kú. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kú kò sí níbí láti fèsì. Fi ohùn jẹ́jẹ́ bi ìyá rẹ àgbà léèrè iye oyún tí ó gbé dé ìkúnlẹ̀, kí o sì bi í léèrè iye ọmọ tí ó kù sí i lọ́wọ́. Málọmọ́, Dúrósinmí, Kòsọ́kọ́: àwọn tí ó fún ọmọ ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti sin ọmọ rí kí wọ́n tó sọ ọ́. Kì í ṣe pé àwọn àgbà wa kò fẹ́ràn ọmọ. Ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ ni wọ́n lò. Àwa tí ohun tí ó sàn jù ti dé ọ̀dọ̀ wa ni a kò ní àwáwí.

Ó ku ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, níbi tí àwọn tí ó tilẹ̀ fún ọmọ ní ọmú nìkan ti máa ń kọsẹ̀. Ní àkókò yìí ọmú nìkan kò tó mọ́, pàápàá èròjà irin tí ẹ̀jẹ̀ ń fẹ́. A wá fún ọmọ ní ògì. Ògì kò burú, oúnjẹ àwọn bàbá wa ni. Ṣùgbọ́n ògì tí a ti sẹ́, tí a ti da èérí rẹ̀ nù, tí a wá pò tí ó ń ṣàn bí omi, ikùn ni ó ń kún. Ara kò rí nǹkan mú níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tí a ń pè ní Ghana lónìí, kọ̀wé nípa àrùn kan tí ń mú ẹsẹ̀ ọmọ wú, tí ń mú irun rẹ̀ pupa. Ó rí i pé oúnjẹ àgbàdo ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn ọmọ náà. Ó lo orúkọ tí àwọn ará Gá ń pè é, kwashiorkor, èyí tí ó jẹ mọ́ àrùn tí ń ṣe ọmọ nígbà tí a bá bí òmíràn tẹ̀lé e. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn ìyá Gá ti mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ kí dókítà tó dé. Inú orúkọ náà ni ìmọ̀ wọn wà. Ohun tí wọn kò ní ni agbára láti ṣe nǹkan sí i.

Kí ni ó dé tí ẹyin, ẹja tàbí ẹran kò fi sí nínú oúnjẹ ọmọ? A ní ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Ẹ wo ìyanu: ní ọjọ́ keje tí a bí ọmọ, a pa àgbò akíkà ní orúkọ rẹ̀. Àáfà mú apá, ìmáàmù mú itan, àwọn ọ̀rẹ́ bàbá jẹ àyà, wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ se ọbẹ̀. Nígbà tí ọmọ tí ó ni àgbò pé ọdún kan, a fi omi ọbẹ̀ pa á lẹ́nu, a ní ẹran yóò sọ ọ́ di olè. Àwa tí a jẹ àgbò rẹ̀ ńkọ́, kí ni a ó pe ara wa? Àwọn tí ń kó owó ìlú jẹ, ṣé ẹyin tí wọ́n jẹ ní kékeré ni ó sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀?

Kì í ṣe ohun tí ó wọ́n ni à ń béèrè. Ní sáà kan nínú àwọn ọdún 1980, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, wọ́n kọ́ àwọn ìyá bí a ṣe ń po ìyẹ̀fun ẹ̀wà, epo pupa àti ṣúgà mọ́ ẹ̀kọ ọmọ. Ẹ̀kọ Ìlera ni wọ́n pè é. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Òṣòdì, ní Èkó, ti fi ẹ̀wà sóyà po ògì pọ̀ tipẹ́tipẹ́. Edé lílọ̀, ẹja gbígbẹ tí a yọ egungun rẹ̀, ẹyin sísè tí a gún, ẹ̀fọ́ tí a gé wẹ́wẹ́, ẹ̀wà tí a bó èèpo rẹ̀: èwo nínú ìwọ̀nyí ni kò sí lọ́jà wa? Kí ọmọ oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ máa jẹun lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Láti oṣù mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Kí ọmú sì máa bá a lọ. Oúnjẹ ọmọ kò gbọdọ̀ ṣàn. Ó yẹ kí ó lè dúró lórí ṣíbí.

Bí ìyá bá tún lóyún, wọ́n á ní ọmú ti bàjẹ́, kí ó gbà á lẹ́nu ọmọ lọ́jọ́ náà. Àwọn mìíràn ní bí ọkọ bá sún mọ́ ìyàwó tí ń fún ọmọ lọ́mú, àtọ̀ yóò ba omi ọmú jẹ́. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ti wà ní ilẹ̀ Lárúbáwá pẹ̀lú, Hádíìsì sì wà lórí rẹ̀ nínú àkójọ Muslim: Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fẹ́ kọ̀ ọ́ fún àwọn ènìyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wo àwọn ará Róòmù àti àwọn ará Páṣíà tí wọ́n ń ṣe é, ó rí i pé kò pa ọmọ wọn lára, kò sì kọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ ṣàṣàrò lórí èyí dáadáa, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ àwọn ẹlòmíràn kí ó tó pinnu. Àwa ńkọ́, tí a ń sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bá a nílé wa," tí a kì í sì í wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ?

Ní ti àwọn tí ń ta wàrà inú agolo, ọ̀rọ̀ wọn kò gba àlàyé gígùn. Ní ọdún 1981, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Geneva, wọ́n sì fọwọ́ sí ìlànà tí yóò máa darí títa wàrà tí a fi ń rọ́pò ọmú. 118 fọwọ́ sí i, Amẹ́ríkà nìkan ni ó dìbò takò ó. Ní ọdún 1990, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀, Dékíríì 41. Òfin wà, àmọ́ agolo ṣì di ohun àfihàn ọrọ̀ láàárín wa. Ìyá tí ó gbé agolo wàrà sórí tábìlì níbi ìsọmọlórúkọ ń fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé ọkọ òun rí já jẹ. Láìpẹ́, owó a tán, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú omi púpọ̀. A kò bá ìyá tí àìsàn kò jẹ́ kí ó fún ọmọ lọ́mú jà, a kò sì bá ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú jà. Agolo wúlò fún wọn. Halimah ará Banu Sa'd ni ó fún Ànábì wa fúnra rẹ̀ lọ́mú, nítorí náà gbígbé ọmọ fún olómú mìíràn kì í ṣe ohun ìtìjú nínú ẹ̀sìn wa.

A wá dé ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Àwọn arákùnrin wa fẹ́ràn Suratul-Baqarah, aya 233, púpọ̀. Ibi tí ó ti sọ ọdún méjì gbáko ni wọ́n há sórí. Wọ́n máa ń kà á fún àwọn aya wọn bí adájọ́ tí ń ka ìwé ẹ̀sùn. Kí ni ó dé tí wọn kì í ka aya náà dópin? Inú aya kan náà ni Ọlọ́hun ti gbé oúnjẹ àti aṣọ ìyá ọmọ ka bàbá lórí, lọ́nà tí ó tọ́, gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀ ti mọ. Ibẹ̀ ni ó ti kọ̀ kí a fi ọmọ ni ìyá lára, ó sì kọ̀ kí a fi ọmọ ni bàbá lára. Bí bàbá bá kú, ó gbé ẹrù náà ka ajogún. Bí wọ́n bá sì fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú kí ọdún méjì tó pé, ó ní kí ó jẹ́ pẹ̀lú ìfohùnṣọ̀kan àti ìmọ̀ràn àwọn méjèèjì. Kò sí ibi tí ó ti ní kí ìyá ọkọ dá a pinnu, tàbí kí ọkọ pàṣẹ rẹ̀ láti ibi iṣẹ́. Àwọn onímọ̀ kan sọ pé obìnrin tí a ti kọ̀ sílẹ̀ ni aya náà wà fún ní pàtàkì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, bí a bá ní kí a máa bọ́ èyí tí a ti kọ̀ nítorí ọmú ọmọ, mélòómélòó ni èyí tí ó wà nílé?

Obìnrin tí ń fún ọmọ lọ́mú ń fẹ́ oúnjẹ ju bí ó ti ń fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀ lọ. Ọkọ fi owó díẹ̀ sílẹ̀ ní òwúrọ̀, ó ní kí ìyàwó fi se ọbẹ̀, ọkọ ni yóò sì jẹ ẹran inú rẹ̀ ní alẹ́. Ìyá ọmọ jẹ ẹ̀bà, ó fi omi lé e. Nígbà tí ebi ń gún un, ó rí i pé ọmọ ń ké, ó sọ pé ọmú òun kò tó, ó wá ògì. Ṣé àìmọ̀ nìyẹn? Nígbà tí Ramadan bá sì dé, àwọn kan á máa wo olómú tí kò gbààwẹ̀ bí ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò pé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fohùn ṣọ̀kan pé bí ó bá bẹ̀rù fún ara rẹ̀ tàbí fún ọmọ rẹ̀, ó lè jẹun. Lórí bí yóò ṣe san án padà ni wọ́n ti yàtọ̀ síra.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún obìnrin tí ó bá bímọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Òfin kan náà sọ pé bí ó bá padà sẹ́nu iṣẹ́ tí ó sì ń fún ọmọ lọ́mú, kí a fún un ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún iṣẹ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ kò tó oṣù méjì. Báwo ni a ṣe fẹ́ kí ó pé oṣù mẹ́fà? Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sún ti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí oṣù mẹ́fà ní ọdún 2014. Bí ìjọba tí kì í ṣe ti ẹ̀sìn bá lè ṣe èyí, kí ni ó yẹ kí àwa tí ń ka aya 233 ṣe?

A mọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí orúkọ Islām hàn gbangba lára pátákó rẹ̀. Olùkọ́ obìnrin kan níbẹ̀ bímọ, wọ́n ní kí ó padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó tọrọ ààyè láti gbé ọmọ pẹ̀lú ẹni tí yóò máa mójú tó o wá sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ní yóò da iṣẹ́ rú. Ó tọrọ ààbọ̀ wákàtí láti sáré lọ sílé ní ọ̀sán. Wọ́n ní bí iṣẹ́ bá ń ni ín lára kí ó jókòó sílé. Ọmọ oṣù méjì wá wà lọ́wọ́ ìyá àgbà, pẹ̀lú ìgò ògì àti kẹ́tùlù àgbo, láti aago méje òwúrọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yẹn kan náà ni ó sọ wáàsí lórí ẹ̀tọ́ ọmọ nígbà tí wọ́n ń ṣe ìdílékún. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n àgbà ọjà tiwa ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ yí i wọ́.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti ilé ìtajà tí ó jẹ́ ti Mùsùlùmí kò ju mẹ́ta lọ: kí wọ́n fún ìyá ọmọ ní ìsinmi oṣù mẹ́fà, bí agbára wọn kò bá gbé e, kí wọ́n fún un ní ààbọ̀ wákàtí méjì tí òfin ti fún un láìdín owó oṣù rẹ̀ kù, kí wọ́n sì ya yàrá kékeré kan sọ́tọ̀, tí ó ní ilẹ̀kùn, níbi tí ó ti lè fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú láìsí pé ẹnikẹ́ni ń wò ó. Kí àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa gbé ìbéèrè náà lọ bá àwọn olórí ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ní àdúgbò wọn, kí wọ́n sì kọ èsì tí wọ́n bá gbà ránṣẹ́ sí wa. Èyí tí ó bá kọ̀, kí ó sọ ìdí rẹ̀. Ààyè wà fún un nínú ìwé ìròyìn yìí, a kò sì ní í gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú.